Bí Kọ̀ǹpútà Bá Ṣèdájọ́, Ta Ni Yóò Jẹ́jọ́? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ẹ̀rọ Ayélujára, Àwùjọ àti Ìlànà Ìjọba

Kí ni a ń sọ gan-an nígbà tí a bá ní "ẹ̀rọ ayélujára"?

Gbogbo ohun tó ń gba ìsọfúnni wọlé, tó ń tọ́jú rẹ̀, tó ń ṣírò rẹ̀, tó sì ń fi í ránṣẹ́ ni: fóònù ọwọ́ yín, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, áàpù báńkì, káàmẹ́rà ojú pópó, ìkànnì tí ẹ ti ń ka ìròyìn, títí kan àwọn ẹ̀rọ tó ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI). Wáyà náà wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé sátẹ́láìtì ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti ilẹ̀ kan dé òmíràn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wáyà abẹ́ òkun ló ń gbé ohun tó ju ìdá 95 nínú 100 lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, mẹ́rin nínú àwọn wáyà bẹ́ẹ̀ já ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ báńkì àti ilé-iṣẹ́ sì jókòó tẹtẹrẹ láìríṣẹ́ ṣe.

Ṣé ẹ̀rọ ló ń yí àwùjọ padà ni, àbí àwùjọ ló ń darí ẹ̀rọ?

Méjèèjì ni, ó sì máa ń ṣòro láti mọ èyí tó ṣáájú. Ẹ wo M-Pesa, ètò owó orí fóònù tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan ṣe ní Kenya. Ohun tí àwọn tó ṣe é kọ́kọ́ ní lọ́kàn ni pé kí àwọn tó yá owó kékeré lè máa fi fóònù san án padà. Nígbà tí wọ́n gbé e fún àwọn èèyàn dán wò, ìlò mìíràn ni àwọn yẹn ń lò ó: wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ síra wọn. Ilé-iṣẹ́ náà fara mọ́ ohun tó rí, ó sì gbé e jáde ní 2007 gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìfowóránṣẹ́. Ará ìlú ló darí ẹ̀rọ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Báńkì Àpapọ̀ Kenya gbà kí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ di báńkì, kìkì pé kí owó àwọn oníbàárà wà lọ́tọ̀ nínú báńkì, kí ilé-iṣẹ́ má ṣe fi ṣòwò ara rẹ̀. Ká ní wọ́n ní kó lọ gba ìwé àṣẹ báńkì ná ni, bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ìpinnu kékeré kan nínú ọ́fíìsì ìjọba ló jẹ́ kí ẹni tí kò wọ báńkì rí láyé rẹ̀ lè fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Báwo ni ohun tí ẹnì kan kọ sínú kọ̀ǹpútà ṣe ń di òfin?

Ìbéèrè yìí gan-an ló jẹ mí lógún jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Òfin sábà máa ń fi àyè sílẹ̀ fún òye: òṣìṣẹ́ ìjọba á wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀, á bi í léèrè, á gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ló máa ṣe, ì báà jẹ́ fún ẹni kan tàbí fún ìdajì mílíọ̀nù èèyàn. Nítorí náà, ẹni tó kọ ọ́ ti ṣòfin, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìbò yàn án.

Láti 2015, ìjọba Australia lo ètò kan tí àwọn èèyàn sọ ní Robodebt láti fi wá àwọn tó gba owó ìrànwọ́ ju iye tó tọ́ sí wọn lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni òfin fi ń ṣírò owó ìrànwọ́ náà, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn agbowó-orí jẹ́ ti odindi ọdún. Kí ni ètò náà ṣe? Ó pín owó ọdún náà sí ọ̀nà 26, ó wá gbà pé iye kan náà ló ń wọlé fún ẹni náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì.

Ká sọ pé obìnrin kan kò níṣẹ́ lọ́wọ́ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú ọdún ìṣirò owó-orí, tó ń gba ìrànwọ́ tó tọ́ sí i. Ó wá ríṣẹ́, ó sì gba 26,000 dọ́là ní oṣù mẹ́fà tó kù. Lójú kọ̀ǹpútà, 1,000 dọ́là ló ń wọlé fún un lọ́sẹ̀ méjì-méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ó di pé púpọ̀ nínú owó ìrànwọ́ oṣù mẹ́fà tó gbà kò tọ́ sí i mọ́, lẹ́tà gbèsè á sì dé ilé rẹ̀. Òun ló tún máa wá ìwé owó oṣù ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn jáde láti fi hàn pé òun kò jẹ gbèsè. Ẹni tó sọ pé wọ́n jẹ òun lówó kò fi ẹ̀rí kankan hàn. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló ń sáré ẹ̀rí kiri.

Ní 2020, ìjọba gbà láti dá 721 mílíọ̀nù dọ́là Australia padà lórí gbèsè 470,000. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí wọ́n gbé kalẹ̀ sì sọ ní oṣù keje 2023 pé ètò náà kò bófin mu, kò sì bá ẹ̀tọ́ mu. Ẹ kíyè sí i o: kọ̀ǹpútà náà kò bàjẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í purọ́, àbí?

Ẹ bi àwọn tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1999 ni wọ́n ti gbé ètò ìṣirò owó kan tó ń jẹ́ Horizon, tí ilé-iṣẹ́ Fujitsu pèsè, wọ àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ káàkiri. Kò pẹ́ tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á ní iye báyìí ló yẹ kó wà nínú dúrọ́ọ̀. Bí wọ́n bá ka owó, kò ní pé. Àdéhùn iṣẹ́ wọn sì ni pé owó tó bá dín, àpò ara wọn ni wọ́n máa fi dí i. Ẹni bá pè láti ṣàròyé, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ pé àwọn nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn kan ta ilé, àwọn kan jẹ gbèsè dọ́rùn. Láàárín 1999 sí 2015, èèyàn tó lé ní 900 ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n, àwọn mìíràn sì kú kí orúkọ wọn tó mọ́.

Òfin wà lára ohun tó fà á. Tẹ́lẹ̀ ní England, ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde ṣe ẹ̀rí gbọ́dọ̀ fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1999 fagi lé e. Láti ìgbà náà, ilé ẹjọ́ ń gbà pé ara kọ̀ǹpútà dá ṣáṣá àfi tí ẹnì kan bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Báwo wá ni ẹni tó ń ta sítáǹbù lábúlé ṣe fẹ́ rí ẹ̀rí yẹn, nígbà tí àkọsílẹ̀ àṣìṣe ètò náà wà lọ́wọ́ àwọn tó gbé e lọ sílé ẹjọ́?

Ọ̀gbẹ́ni Alan Bates, ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èèyàn 555 lápapọ̀, gbé Ilé Ìfìwéránṣẹ́ lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù Kejìlá 2019, adájọ́ sọ pé àléébù wà nínú ètò náà lóòótọ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń falẹ̀ títí eré tẹlifíṣọ̀n kan fi sọ ìtàn wọn ní oṣù kìíní 2024. Kí oṣù karùn-ún tó parí, àwọn aṣòfin ti ṣe òfin tó wọ́gi lé ìdájọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Eré orí tẹlifíṣọ̀n ló parí ohun tí àròyé ogún ọdún kò parí. N kò mọ̀ bóyá ká rẹ́rìn-ín ni tàbí ká sunkún.

Ṣé ẹ̀rọ lè ṣe ojúsàájú?

Ẹ̀rọ kò ní ọ̀rẹ́, kò ní ọ̀tá. Àmọ́ àpẹẹrẹ tí a kó fún un ló fi ń kọ́gbọ́n, àwọn àmì tí a bá sì ní kó máa ṣọ́ ni yóò máa ṣọ́.

Ní 2018, àwọn olùwádìí méjì, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru, yẹ àwọn ẹ̀rọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń tà wò, irú èyí tó ń wo ojú èèyàn láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Fún ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe náà kò tó 1 nínú 100. Fún obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó tó 34.7 nínú 100 lórí èyí tó burú jù nínú wọn. Ìlú San Francisco, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, ni ìlú ńlá àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó fi òfin dè é pé kí ọlọ́pàá àti ilé-iṣẹ́ ìlú má lo ẹ̀rọ ìdánimọ̀ ojú, ní 2019. Àwọn tó sún mọ́ ilé iná ló kọ́kọ́ fura sí èéfín.

Ti Netherlands le ju ìyẹn lọ. Àwọn agbowó-orí ibẹ̀ ń fi ètò kọ̀ǹpútà ṣa àwọn òbí tí wọ́n fura sí pé wọ́n ń ṣe màgòmágó lórí owó ìtọ́jú ọmọ. Ara ohun tí ètò náà ń wò ni bóyá ẹni náà jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹni tó gbàgbé láti fọwọ́ sí ìwé kan lè gba lẹ́tà pé kó dá gbogbo owó tó ti gbà padà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá owó Yúrò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ló wọ gbèsè, ìgbéyàwó tú ká, wọ́n sì gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn òbí kan. Gbogbo ìjọba Mark Rutte, olórí ìjọba ibẹ̀ nígbà náà, kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2021 nítorí ọ̀rọ̀ náà.

Mo kàn tẹ "Mo gbà" ni. Kí ló burú níbẹ̀?

Kò sí ohun tó burú tó bá jẹ́ pé ẹ ka ohun tí ẹ gbà. Ta ló ń kà á? Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé a kì í kà á.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ohun tí ẹ fọwọ́ sí lè kan ẹni tí kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Nínú ọ̀rọ̀ Cambridge Analytica, ilé-iṣẹ́ ìpolongo òṣèlú kan, tó tú jáde ní 2018, nǹkan bíi 270,000 èèyàn ló dáhùn ìbéèrè inú áàpù kan lórí Facebook. Áàpù náà kó ìsọfúnni àwọn ọ̀rẹ́ wọn pẹ̀lú, Facebook fúnra rẹ̀ sì sọ pé iye tó kàn lè tó 87 mílíọ̀nù. Iṣẹ́ ìpolongo òṣèlú ni wọ́n kó o fún. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 5 dọ́là lé Facebook ní 2019.

GDPR, òfin ààbò ìsọfúnni ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún 2018, sọ pé ẹni tó ni ìsọfúnni lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i, láti tún un ṣe, àti láti ní kí wọ́n pa á rẹ́ nígbà mìíràn. Ilé-iṣẹ́ tó bá rú u lè san tó ìdá 4 nínú 100 gbogbo owó tó wọlé fún un lágbàáyé lọ́dún kan. Nínú 2023, wọ́n bu bílíọ̀nù 1.2 owó Yúrò lé Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, nítorí ó ń kó ìsọfúnni àwọn ará Yúróòpù lọ sí Amẹ́ríkà. Kenya, Brazil, Nàìjíríà àti India náà ti ṣe òfin tiwọn láti ìgbà yẹn. Èrò tèmi ni pé òfin wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ẹrù púpọ̀ jù lé bọ́tìnnì "Mo gbà" lórí. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe sí ọmọ èèyàn, kò yẹ kí bọ́tìnnì sọ ọ́ di ẹ̀tọ́.

Ta ló yẹ kó dáhùn fún ìròyìn irọ́: ẹni tó kọ ọ́ ni, àbí ìkànnì tó gbé e?

Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1996, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Section 230, sọ pé a kò gbọ́dọ̀ ka ìkànnì sí ẹni tó sọ ohun tí oníbàárà rẹ̀ kọ. Láìsí òfin yẹn, kò dájú pé ìkànnì kankan á jẹ́ kí ará ìlú kọ nǹkan síbẹ̀ láìkọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà tí wọ́n ṣe é, ìkànnì kò ṣe ju pátákó tí èèyàn ń lẹ ìwé mọ́ lọ. Lónìí, ìkànnì ló ń yan èyí tí ẹ máa rí, ohun tó bá sì ń mú inú bí yín ló sábà máa ń dá yín dúró pẹ́. Ní Myanmar, níbi tí ìwà ipá sí àwọn Rohingya, ẹ̀yà Mùsùlùmí tó kéré níye níbẹ̀, ti le ní 2017, Facebook gbà lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé òun kò ṣe tó láti dènà bí wọ́n ṣe lo òun láti fi ru ìkórìíra sókè.

Yúróòpù gba ọ̀nà mìíràn ní 2022. DSA, òfin wọn lórí àwọn ìkànnì, kò sọ pé kí ìkànnì dáhùn fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan; ó ní kí àwọn ìkànnì tó tóbi jù yẹ ewu tí ètò wọn lè fà wò, kí wọ́n sì jẹ́ kí olùwádìí rí inú rẹ̀. Mo rò pé ọ̀nà yìí ló mọ́gbọ́n dání jù, torí gbólóhùn kan kò tó nǹkan, ìtànkálẹ̀ rẹ̀ ni ewu. WhatsApp náà fi èyí hàn: lẹ́yìn tí ìròyìn irọ́ nípa àwọn ajínigbé fa ìpànìyàn ní India ní 2018, kò pa ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rẹ́. Ó kàn dín iye ẹni tàbí ẹgbẹ́ tí èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan kù sí márùn-ún.

Ṣé kò yẹ kí ìjọba máa pa íntánẹ́ẹ̀tì nígbà wàhálà?

Rárá, kò yẹ. Egypt pa tiwọn ní oṣù kìíní 2011. Èrò tó wà lójú títì kò dín, ṣe ló pọ̀ sí i, Ààrẹ Mubarak sì kúrò lórí oyè láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní Nàìjíríà, wọ́n ti Twitter pa láti oṣù kẹfà 2021 di oṣù kìíní 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS sì sọ lẹ́yìn náà pé kò bófin mu. Irọ́ tún máa ń gbilẹ̀ sí i nígbà tí ẹni tó mọ òótọ́ kò rí ọ̀nà sọ ọ́.

Àwọn ọmọdé ńkọ́?

Australia lọ jìnnà gan-an: òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù kọkànlá 2024, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2025, kò gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 láyè láti ní àkáǹtì lórí àwọn ìkànnì ńláńlá. Ìkànnì ló máa san owó ìtanràn, kì í ṣe ọmọ tàbí òbí, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Èyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé kí wọ́n tó lè mọ ẹni tó jẹ́ ọmọdé, àgbàlagbà náà lè ní láti fi ojú tàbí ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn.

Ọ̀gá mi jẹ́ áàpù. Ṣé òṣìṣẹ́ ni mí?

Ó kù síbi tí ẹ wà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ní oṣù kejì 2021 pé òṣìṣẹ́ ni àwọn awakọ̀ Uber tó pẹjọ́, torí pé Uber ló ń sọ iye owó ọkọ̀, òun ló sì lè yọ wọ́n. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin àti ìsinmi tọ́ sí wọn.

Bí ìjọba bá gbé gbogbo iṣẹ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ta ló máa kù sẹ́yìn?

Ní 2024, nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.6 èèyàn láyé ni kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì rárá, gẹ́gẹ́ bí ITU, ẹ̀ka Àjọ Àgbáyé (UN) tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ṣe wí. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí ni ẹni tó ní fóònù àmọ́ tí kò lówó dátà, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, àti ẹni tí ara rẹ̀ kò bá ohun tí ẹ̀rọ ń retí mu. Ìkẹyìn yìí kì í sábà wá sí wa lọ́kàn. Ní India, ìwé ìdánimọ̀ Aadhaar, tí ó lé ní bílíọ̀nù kan èèyàn tó ní in, ń lo ìtẹ̀ka. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ àti ẹni tó ti ń fi ọwọ́ gbé bíríkì láti ọdún gbọọrọ, ìlà ìka wọn lè ti parẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dúró níwájú ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ìrànwọ́, kó tẹ̀ka, kó tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀rọ sì sọ pé kì í ṣe òun. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n látìgbà ọmọdé.

Estonia ni wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ rere, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Láti 2005 ni wọ́n ti ń dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí àwọn tó ń yìn wọ́n kì í sọ ni pé wọn kò pa ìwé ìdìbò rẹ́. Ẹni tó bá wù á lè lọ sí ibùdó ìdìbò kó fi ìwé dìbò tirẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ìjọba ti já mi kulẹ̀, tàbí ó ní mo jẹ gbèsè. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má tètè sanwó, ẹ má sì dákẹ́. Ẹ kọ̀wé, kì í ṣe ìpè fóònù, torí ìwé ló máa wà títí. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta nínú rẹ̀: àkọsílẹ̀ wo ni wọ́n lò, báwo ni wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, àti òṣìṣẹ́ wo ló fọwọ́ sí ìpinnu náà. Bí ẹ bá wà ní Yúróòpù, abala 22 nínú GDPR fún yín lẹ́tọ̀ọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà pé kí ìpinnu tó lágbára lórí ayé yín má jẹ́ ti ẹ̀rọ nìkan. Ẹ lè ní kí èèyàn ẹlẹ́ran ara tún un wò. Òfin ọgbọ́n àtọwọ́dá tiwọn, tó di òfin ní oṣù kẹjọ 2024, tún ka àwọn ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń pinnu ẹni tí ìrànwọ́ tọ́ sí mọ́ àwọn tí ewu wọn ga. Àwọn orílẹ̀-èdè míì tó ní òfin ààbò ìsọfúnni sábà máa ń ní abala tó jọ èyí, ẹ wá a.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà tí èèyàn kan bá ń ṣàròyé, wọ́n á ní àṣìṣe rẹ̀ ni. Nígbà tí 555 bá gbé àkọsílẹ̀ wọn síra, tí àwọn ọjọ́ àti iye owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jọra, adájọ́ á fẹ́ mọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà.